Pákó tí wọ́n fẹ́ fi dáná ti di ohun ọ̀ṣọ́ olówó gọbọi: Ṣùgbọ́n ibo ni èrè rẹ̀ ń gbà jò?

Bí èèyàn bá gba ẹ̀yìn ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìkẹjà, Ọ̀tà tàbí Àgbárá kọjá, tàbí tó bá dé àdúgbò èbúté Àpápá, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí òkìtì pákó kan báyìí tí wọ́n kàn mọ́ra pẹrẹsẹ. Páálẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń to ẹrù sí kí fọ́kílíìfù tó ki irin bọ abẹ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹrù bá ti dé ibi tó ń lọ, tí pákó kan tàbí méjì sì ti kán lára páálẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Àwọn oníbúrẹ́dì tó ń lo ààrò onígi, àwọn tó ń yan ẹja àtàwọn alásè òde ìnáwó ló máa ń wá kó o, wọ́n á sì fi dáná.

Ní báyìí, àwọn mìíràn ti ń bá wọn du pákó náà. Kò gbogbo wọn ló jẹ́ kafíńtà. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀bùn wà níbẹ̀, àwọn tó jáde yunifásítì tí wọn ò ríṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìnáwó náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ń tú páálẹ́ẹ̀tì palẹ̀, wọ́n ń fi pákó rẹ̀ ṣe tíréè, pẹpẹ ara ògiri, férémù fọ́tò, aago, àpótí òdòdó àti ibi ìfikọ́kọ́rọ́. Wọn kì í dán an títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nàmọ́ná. Ojú igi gbọ́dọ̀ hàn, ihò ìṣó gbọ́dọ̀ hàn, kódà bí òòrùn bá ti pa apá kan dà, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé ọjọ́un, bí kafíńtà bá gbé irú ẹ̀ wá fún oníbàárà, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ló máa parí iṣẹ́. Lónìí, òun gan-an ni àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé, òtẹ́ẹ̀lì àtàwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun ń wá kiri.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ká fi àlòkù ṣe nǹkan tuntun kò ṣàjèjì nílẹ̀ yìí. Agolo mílíìkì àti ti tòmátò la fi ń ṣe àtùpà kí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì tó dé ọ̀pọ̀ abúlé. Táyà mọ́tò tó ti jẹ tán la fi ń ṣe sálúbàtà táwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko. Títí dòní, ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ álúmíọ̀nù làwọn tó ń rọ ìkòkò ń yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù. Àwọn ọlọ́nà náà sì ti fi àlòkù di gbajúmọ̀. El Anatsui, ọmọ Ghana tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka lọ́dún 1975, ìdérí ìgò ọtí ló ń fi wáyà so pọ̀ bí aṣọ, iṣẹ́ yìí náà ló mú kí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kìnnìún oníwúrà ní Venice lọ́dún 2015. Dọ̀tun Pópóọlá ń fi irin àjákù ṣe ère ẹran àti ẹyẹ. Nílùú Ìbàdàn, Adéjọkẹ́ Lásísì ń hun ọ̀rá omi tí wọ́n dà nù pọ̀ mọ́ òwú aṣọ òkè, ó ń fi ṣe báàgì àti bàtà.

Iṣẹ́ ọnà nìyẹn o. Ti oníṣòwò kékeré yàtọ̀. Ọlọ́nà lè lo oṣù mẹ́fà lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo kó sì ta á lówó tó máa tó o ná fún ọdún kan. Ẹni tó ń ta tíréè àti férémù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí owó iléèwé ọmọ àti owó ṣọ́ọ̀bù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti wọ́ síbẹ̀ nìyí: ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ń tajà dáadáa, oníbàárà ń yìn wọ́n, àmọ́ owó kì í dúró lọ́wọ́ wọn. Wọn ò jalè, wọn ò ná ìnákúnàá. Ohun tó fà á ni pé pákó ọ̀fẹ́ tàbí pákó olówó pọ́ọ́kú ti jẹ́ kí wọ́n rò pé ohun gbogbo tó kù náà ò ná wọn ní nǹkan kan.

Kí a tó dé orí ìṣirò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo pákó fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àdánù àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Páálẹ́ẹ̀tì tó bá bá ọkọ̀ òkun wọlé gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ lára. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, tó jáde lọ́dún 2002, ló sọ bẹ́ẹ̀, kí kòkòrò inú igi má baà ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ó rí àwòrán kan tó dà bíi ṣírí ọkà pẹ̀lú lẹ́tà IPPC. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà méjì á wà tó ń sọ ilẹ̀ tó ti wá: NG ni Nàìjíríà, CN ni Ṣáínà, DE ni Jámánì. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tó kan oníṣòwò gan-an. Bó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Wọ́n mú un gbóná títí àárín igi náà fi tó ìwọ̀n 56 Celsius fún ìṣẹ́jú 30. Èyí dára fún iṣẹ́ inú ilé. Bó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ methyl bromide ni wọ́n fi fín in. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má rà á, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má sì fi dáná oúnjẹ.

Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé nílé ńbí ni wọ́n ti kàn án, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí epo tàbí kẹ́míkà bá ti dà sí i lára, àbàwọ́n rẹ̀ á hàn, sánpépà kò sì lè yọ ohun tó ti wọnú igi lọ. Nítorí èyí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pákó páálẹ́ẹ̀tì ṣe pátákó tí wọ́n ń gé ẹran tàbí ẹ̀fọ́ lé lórí, bó ti wù kí òǹtẹ̀ rẹ̀ dára tó. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ti dà sí i lára láti ìgbà tí wọ́n ti kàn án. Tíréè tí wọ́n á gbé àwo àti ife lé, ìyẹn ò burú.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín tún wà níbẹ̀. Páálẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ọgbà kì í ṣe ohun tí kò ní olówó. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n kùn ní búlúù. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CHEP ló ni wọ́n, ó kàn ń yá wọn fún àwọn tó ń kó ẹrù ni, kì í tà wọ́n. Bí gáádì ẹnu ọ̀nà bá tà á fún yín lálẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé bí ọ̀gá rẹ̀ bá dé láàárọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n tà á tàbí wọ́n fi tọrẹ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni inú wọn máa dùn sí ẹni tó bá ń wá kó o lọ ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí àwọn gan-an ń wá ibi tí wọ́n máa kó o sí. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dára ju ká máa sáré kiri lọ, torí oníṣòwò náà á lè mọ iye pákó tó máa wọlé sí i lóṣù.

Bí pákó bá ti délé tán, ìṣó ló kù. Páálẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Yúróòpù ń lò jù, èyí tí wọ́n tẹ EPAL sí lára, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, ó sì fẹ̀ tó 80. Pákó 11 àti búlọ́ọ̀kù igi 9 ló wà lára rẹ̀. Ìṣó tó dè wọ́n pọ̀ jẹ́ 78. Ẹ ka iye yẹn dáadáa, nítorí òun la máa padà bá níwájú. Ìṣó páálẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe ìṣó lásán. Wọ́n lọ́ ọ lára ni, kó lè di igi mú ṣinṣin. Ẹni tó bá fi hámà lù ú jáde, pákó ló máa là. Ohun táwọn tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ki irin sáàárín pákó àti búlọ́ọ̀kù kó lè ṣí díẹ̀, wọ́n á wá fi ayùn irin gé ìṣó náà láàárín. Orí ìṣó á dúró sínú pákó. Àmì dúdú tó máa ń wà yí i ká yẹn wà lára ohun tí oníbàárà ń sanwó fún. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbé pákó náà sórí ẹ̀rọ tó ń fá igi, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ gbogbo irin kúrò, kí wọ́n sì fi òòfà wá èyí tó bá fara pamọ́. Ìṣó kan ṣoṣo ti tó láti ba abẹ ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè fò bá ojú èèyàn. Ẹ̀wù ojú àti ìbòmú kì í ṣe fún ṣíṣe fáàrí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í kà sí, òun ló sì máa ń dójú tì wọ́n jù. Pákó tó wà níta láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ti mu omi òjò yó. Bí wọ́n bá fi ṣe férémù nínú oṣù kẹjọ, tí wọ́n sì tà á nígbà Kérésì, ọyẹ́ á fẹ́ sí i, igi á sún kì, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á sì yà. Oníbàárà kò ní í bá ọyẹ́ wí. Ẹ to pákó sábẹ́ òrùlé, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìkọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ayùn tó kàn án. Bí ẹ bá gbá pákó náà mọ́lẹ̀ tí ìyẹ̀fun funfun bá ń jáde láti inú ihò wíẹ́wíẹ́, kòkòrò ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ẹ má gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀bù rárá, kó má baà ran èyí tó kù. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ pa á. Ìyẹn wà fún òpó ọgbà, kì í ṣe fún ohun tí wọ́n máa gbé sínú yàrá. Òórùn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Páálẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni pákó àlòkù o. Pákó tí wọ́n fi da kọnkéré nílé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wà, sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ sì máa ń pa ayùn kú. Igi ribiti tí wọ́n ń ká wáyà iná sí lára náà wà, tábìlì tó dáa ló ń dà láìsí wàhálà púpọ̀. Èyí tó níyì jù lọ ni igi inú ilé àtijọ́. Ìrókò, apá, ọ̀gànwó, igi tó ti gbẹ fún ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì mọ́, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ ti wọ́n lọ́jà pákó báyìí. Ní Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wó ilé alámọ̀ àti ilé alárànṣe àwọn Àgùdà láti fi kọ́ ilé bíríkì, ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn sì máa ń wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibí yìí gba ìṣọ́ra lọ́nà méjì. Èkíní ni ọ̀dà ara rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Bí wọ́n bá fi sánpépà ha á, eruku rẹ̀ á wọ imú, á sì bà sórí oúnjẹ àti ọwọ́ ọmọdé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí kò ní í léwu. A ò sì lè tètè gbàgbé ohun tójú rí ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí eruku òjé tó jáde látara ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́. Igi tó ní ọ̀dà àtijọ́, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má ha á nínú ilé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wà nítòsí. Bí kò bá pọn dandan, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ní ọ̀dà síta, kí ẹ lo ìyẹn.

Èkejì ni pé ohun mìíràn wà tí kò yẹ kí ayùn kàn rárá. Ilé kan wà ní Tinúbú, l'Ékòó, tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o. Ẹni tó bá lọ ra igi níbi tí wọ́n ti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀ràn tí kò mọ̀dí. Bákan náà ni ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Ọlọ́wẹ̀ ará Isẹ̀ Èkìtì, tó kú lọ́dún 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ìkẹ́rẹ́; ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà báyìí. Ẹni tó bá rí pákó ọlọ́nà àtijọ́ tó sì là á sí tíréè méjì, kò ṣe ara rẹ̀ lóore. Kó kọ́kọ́ fi han àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NCMM tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní ìyá kan ní Agége fẹ́ máa ṣe tíréè. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni lè fi iye ọjà àdúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni ká wò. Ó ra páálẹ́ẹ̀tì márùn-ún ní ₦2,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì san ₦8,000 fún ọkọ̀ tó gbé wọn. ₦18,000 nìyẹn. Lẹ́yìn tó ti yọ àwọn pákó tó là kúrò, tíréè 15 ló rí nínú wọn. Owó pákó lórí tíréè kan wá jẹ́ ₦1,200. Sánpépà, gọ́ọ̀mù, ìṣó onídè àti fánísì gba ₦1,100. Okùn tàbí irin tí wọ́n fi ń gbé e gba ₦700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,000. Ìyá náà ní kò burú, òun á máa tà á ní ₦5,000, èrè òun á jẹ́ ₦2,000. Ó ta gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ₦30,000 sì kù sí i lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ gbọ́ ná. Ìṣó 78 yẹn ńkọ́? Bí títú páálẹ́ẹ̀tì kan palẹ̀ bá gba wákàtí méjì, wákàtí mẹ́wàá ló ti lọ kó tó gé pákó kankan. Bí a bá pín in fún tíréè 15, ogójì ìṣẹ́jú ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gígé, híha, lílẹ̀ pọ̀ àti kíkùn gba wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú mìíràn. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló wà nínú tíréè kan nìyẹn. Bí ìyá náà bá gba kafíńtà, tó sì ń san ₦1,000 fún un ní wákàtí kan, ₦2,500 ló máa san. Epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti ayùn tó ń kú lójoojúmọ́, ká fi wọ́n sí ₦900. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦6,400. Ó wá túmọ̀ sí pé ₦1,400 ló ń pàdánù lórí tíréè kọ̀ọ̀kan, ₦21,000 lórí 15. Nínú ₦30,000 tó ń dúpẹ́ lé lórí, epo àti ṣọ́ọ̀bù á gba ₦13,500. Èyí tó kù, ₦16,500, ni owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀. Kò tó ₦450 ní wákàtí kan. Kò tiẹ̀ tó ìdajì ohun tó máa san fún ẹlòmíràn.

Ibi tí èrè ń gbà jò nìyẹn. Owó ara ẹni ni oníṣòwò kékeré máa ń gbàgbé láti kà, nítorí kò sẹ́ni tó máa wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lópin oṣù. Nínú iṣẹ́ pákó àlòkù, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti pákó tuntun. Ẹni tó ra pákó tuntun kò tú ìṣó kankan. Ohun tí wọn ò san lórí igi, ara ló ń san án.

Nínú àpẹẹrẹ yìí, ₦8,500 ló yẹ kí ìyá náà máa ta tíréè rẹ̀, kí ₦2,100 lè jẹ́ èrè ní tòótọ́. Yóò sọ pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Ó lè jẹ́ òótọ́, bó bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíréè oníke tó ti Ṣáínà wá. Kò sí bó ṣe lè bá ìyẹn du ọ̀pọ́. Ibi tó yẹ kó gbé e lọ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi irin gbígbóná kọ orúkọ ìyàwó tuntun sí i lára, tàbí ẹni tó fẹ́ pẹpẹ tó máa wọ igun yàrá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é. Ẹni tó bá sọ fún oníbàárà pé "pákó páálẹ́ẹ̀tì lásán ni" ti fi ẹnu ara rẹ̀ já owó ọjà rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀kùn ìrókò ilé àgbà kan n'Ijẹ̀bú ni, tó sì jẹ́ òótọ́, tó fi àwòrán ilẹ̀kùn náà hàn kó tó là á, ti sọ ohun tí kò sí lọ́jà mìíràn.

Ọ̀nà kan tún wà láti dín ìnáwó kù, ìyẹn ni kí wọ́n pín iṣẹ́ sọ́nà. Kí wọ́n tú páálẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan, kí wọ́n gé gbogbo pákó ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹni tó ń ṣe tíréè kan parí kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn ń fi àkókò ṣòfò lórí mímú irinṣẹ́ àti gbígbé e sílẹ̀. Àjákù kékeré náà ò gbọdọ̀ lọ: ibi ìfikọ́kọ́rọ́ àti ohun tí wọ́n ń gbé ife lé kò gbà ju pákó tó gùn tó ọwọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìyẹn sì ni wọ́n ń ta jù fún àwọn tí owó wọn ò tó ra tíréè.

Ọjà tó tóbi jù ní ilẹ̀ Yorùbá, lójú tiwa, ni ọjà ìnáwó. Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í pín ike, agbòjò àti tówẹ̀lì fún àlejò níbi ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti òkú àgbà. Tíréè kékeré tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí lára lè wà nínú ilé fún ogún ọdún. Oṣù Kejìlá náà tún ni ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ń pín ẹrù Kérésì sínú apẹ̀rẹ̀. Àpótí onípákó tó máa di ibi ìkówèésí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ọtí àti bisikíìtì inú rẹ̀ tán, ohun tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ máa fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni kí wọ́n ti gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ hàn wọ́n. Bó bá ti di oṣù kọkànlá, wọ́n ti pinnu ohun tí wọ́n máa rà.

Iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ sì ni ìdẹwò. Ẹnì kan wá, ó ní òun fẹ́ àádọ́ta tíréè tó dọ́gba fún ìgbéyàwó tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí a tó dá a lóhùn, ká ka pákó tó wà nílẹ̀, tó sì ti gbẹ, ní tòótọ́. Pákó àlòkù kì í dọ́gba. Àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀, níní-nípọn rẹ̀ á yàtọ̀. Ká ṣe ẹyọ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra fún un, kó rí wọn pa pọ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé bí wọ́n ṣe máa rí nìyẹn. Ká gba owó tó máa tó ra ohun èlò gbogbo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ kó tó wá pákó lọ, òun ló ń sáré ra pákó tuntun lówó iyebíye lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí yóò fi tíì dúdú pa á láró kó lè dà bí àtijọ́. Oníbàárà sì máa ń mọ̀.

Bí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn bá ní òun fẹ́ máa bá yín tà á, ẹ rántí pé òun náà á gbé èrè tirẹ̀ lé e. Bó bá rà á ní ₦8,500 lọ́wọ́ yín tó sì ń tà á ní ₦12,000, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ máa tà á ní ₦8,500 fún ẹni tó bá wá sílé yín. Bí onísọ́ọ̀bù bá gbọ́, kò ní í rà lọ́wọ́ yín mọ́, ó sì jàre. Àwọn ilé-iṣẹ́ kì í sì fẹ́ san owó sínú àkáǹtì orúkọ ẹni lásán, nítorí náà ẹni tó bá ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ ti forúkọ okòwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Àjọ SMEDAN, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 fún àwọn oníṣòwò kékeré, náà ń forúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹni tó ń ronú àtifi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Igi tí wọn ò tíì sọ dọjà, irin àjákù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà lára àwọn ohun tí Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó jáde, òfin tó de igi sì ń le sí i. Ilẹ̀ tí ẹrù ń lọ náà ní ìbéèrè tirẹ̀ lórí ohunkóhun tó bá jẹ́ igi.

Fún èyí tó bá jẹ́ pé ilé níhìn-ín ló ń lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ so ó mọ́ ọjà náà lára: irú igi tó jẹ́, ibi tó ti wá, àti bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n má rì í sómi. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n má gbé e síbi tí òòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, kí wọ́n sì mú un padà wá lẹ́yìn ọdún kan bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n tún fánísì rẹ̀ kùn. Owó tí wọ́n máa gbà fún títún un kùn yẹn, kí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.